Nọ́ńbà Tí Kò Ní Ìkejì

Ìwé tí wọ́n fi pe Ìyá Òjé kò ju ìlà mẹ́rin lọ, àmọ́ ó tó láti ba odidi ọjọ́ jẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé gbé e sórí tábìlì níwájú ẹ̀, ó dorí ìwé kodò, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin yìí sì ṣe kà á láì yí i padà. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógójì to lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n fi òjé dà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ni ìwé tó dorí kodò fẹ́ fi í ṣe? Òdì ni lẹ́tà òjé máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tò ó. Tí o bá fẹ́ kà á bí àwọn ènìyàn yòókù ṣe ń kàwé, wàá dúró títí tí bébà á fi jáde lẹ́nu ẹ̀rọ.

"Ìgbìmọ̀ ìdánwò ń pè yín ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀," ni ìwé náà wí. "Ìdáhùn yín sí ìbéèrè kẹsàn-án tọ̀nà, ṣùgbọ́n a kò rí ọ̀nà tí ẹ gbà dé ibẹ̀. Àbúrò yín ni olùkọ́ tó ṣe ìbéèrè náà. Ẹ wá ṣàlàyé."

Wọn ò pè é lólè o. Wọ́n kàn ní kó wá sọ ibi tó ti rí ẹrù ni.

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó: ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ni ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé kò sí ọwọ́ tó dà bí ọwọ́ Ìyá Òjé. Àmọ́ wọn kì í gba olùkọ́ níbẹ̀ láì jẹ́ pé ó yege nínú ìdánwò ìṣirò, ẹ̀ẹ̀mẹta péré sì ni èèyàn lè ṣe é láyé ẹ̀. Ní àkọ́kọ́, máàkì mẹ́fà ni kò jẹ́ kó yege. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, máàkì méjì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló wá fi máàkì mẹ́ta lé ohun tí wọ́n ń fẹ́, ìbéèrè kẹsàn-án nìkan sì gbé máàkì mẹ́wàá. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ó tán nìyẹn. Tí wọ́n bá tún sọ pé ó jí i, àbúrò ẹ̀ tó ti ń kọ́ni níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún á bá a jáde.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà kò sì ní dúró dè é. Ó ti sọ pé bí oṣù yìí bá ti parí, òun á ti yàrá òjé pa, kọ̀ǹpútà ni yóò máa ṣe gbogbo ẹ̀. Ó ní Ìyá Òjé lè máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa kó ìwé sínú ọ̀rá fún àwọn oníbàárà. Ìyá Òjé wo ọ̀gá náà látòkè délẹ̀, ó padà sídìí òjé ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé tí èèyàn bá fèsì sí i, àbùkù ara ẹni ló ń fi kún.

Kí ló dé tí kò fi kọ ọ̀nà tó gbà sílẹ̀? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé obìnrin náà ya aláìbìkítà. Wọ́n gba oníṣẹ́ ọwọ́ láàyè láti mú irinṣẹ́ ẹ̀ wọ yàrá ìdánwò. Káfíńtà mú rúlà ẹ̀ wá, télọ̀ mú tépù. Ìyá Òjé mú agolo pẹlẹbẹ kan tí ẹyọ òjé mẹ́wàá wà nínú ẹ̀, láti òdo dé mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan péré. Ìbéèrè kẹsàn-án ní kí wọ́n to ẹyọ mẹ́wàá yìí sí nọ́ńbà kan ṣoṣo, kí ẹyọ kankan má wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kí méjì àkọ́kọ́ ṣeé pín sí méjì láìṣẹ́kù, mẹ́ta àkọ́kọ́ sí mẹ́ta, mẹ́rin àkọ́kọ́ sí mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á fi ṣeé pín sí mẹ́wàá. Gbogbo yàrá mí kanlẹ̀. Ìyá Òjé rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kó to ẹyọ òjé, iṣẹ́ tó ń ṣe láti kékeré! Ó tò ó, ó ṣí i, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí bébà pélébé, ó tún un tò. Nígbà tí nọ́ńbà náà bọ́ sí i, ó dà á kọ sínú ìwé ìdáhùn, ó wá ṣe ohun tí gbogbo atolẹ́tà ń ṣe bí iṣẹ́ bá ti parí: ó tú òjé ká, ó kó wọn padà sínú agolo, ó pa gbogbo ìlà pẹ́ńsù rẹ́, ó sì nu tábìlì. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò lè fojú rí òjé tí wọn ò tú lẹ́yìn iṣẹ́. Ó máa ń ní ọ̀lẹ ló ń fi àbọ̀ iṣẹ́ ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ó ṣe di pé nọ́ńbà náà dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ ní ìhòòhò goloto nìyẹn.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni àbúrò ẹ̀ wá bá a nílé. Olùkọ́ ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan ìyàwó ẹ̀. Ó kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó sì jókòó sétí àga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká wá bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa rọlẹ̀," ó ní. "Tí ẹ bá débẹ̀ lọ́la, ẹ ṣáà sọ pé oríire ni. Ẹ ní ẹ kàn ń tò ó kiri, ló bá bọ́ sí i. Wọ́n á yọ máàkì ìbéèrè yẹn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa pe ẹnì kankan lólè."

"Tí wọ́n bá yọ ọ́, ṣé mo yege?"

Olùkọ́ wo ilẹ̀. "Rárá, mà."

"Ṣé mo lè tún ìdánwò náà ṣe?"

"Ẹ̀ẹ̀kẹta lẹ ṣe yìí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo gbọ́. Ìwọ náà ńkọ́, báwo lo ṣe rí nọ́ńbà ọ̀hún?"

"Kọ̀ǹpútà ló bá mi wá a. Mo ní kó dúró tó bá ti rí ọ̀kan." Ó fọwọ́ pa orí. "Mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi wá a fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mi ò rí i. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹ sì rí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀?"

Olùkọ́ wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ìdánwò, mo gbàgbé àpò mi sórí àga tí ẹ jókòó lé yẹn."

"O rò pé mo jí i."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

"O ò sọ ọ́. Àpò lo sọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, ó sì nídìí. Ọdún tí bàbá wọn kú, ìyá wọn ní ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn méjèèjì ni ilé lè rán padà sí iléèwé. Ìyá Òjé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, òun ló sì ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò. Ó wo àbúrò ẹ̀ tí kò tíì lè gbé garawa omi, ó bọ́ aṣọ iléèwé, ó lọ gba aṣọ iṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Kò fi ṣèrègún rí láti ọjọ́ náà. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú yìí, ó dé ẹnu ẹ̀, ó gbé e mì.

"Máa lọ sílé," ó ní. "Lọ́la, kí o jókòó síbi tí wàá ti ríran dáadáa."

Yàrá ìgbìmọ̀ gùn, fèrèsé mẹ́ta ló ní, aṣọ aláwọ̀ ewé sì wà lórí tábìlì. Alága jẹ́ obìnrin tí irun ẹ̀ ti funfun tán, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ kò pọ̀. Lápá ọ̀tún ẹ̀ ni ọkùnrin kan tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Onígíláàsì jókòó sí. Iwájú orí ni gíláàsì ọkùnrin náà máa ń gbé, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá le nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá sójú. Olùkọ́ wà lórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọwọ́ ẹ̀ sì wà láàárín orúnkún méjèèjì.

"Ìyá," Onígíláàsì bẹ̀rẹ̀, "tí èèyàn bá fẹ́ to ẹyọ mẹ́wàá, ọ̀nà tó lè gbà tò ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ẹ fẹ́ ká gbà pé ẹ fọwọ́ yan ọ̀kan tó dáa nínú gbogbo ẹ̀?"

"Mi ò yàn án, sà. Mo lé àwọn yòókù jáde ni."

"Ẹ tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, 'Kò sí ìkejì.' Ẹ ò kọ ọ̀nà tí ẹ gbà, ìyangàn lẹ rí kọ."

"Kì í ṣe ìyangàn, sà. Bó ṣe rí ni."

Alága gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hàn wá."

Ìyá Òjé ṣí agolo, ó sì da ẹyọ òjé mẹ́wàá sórí aṣọ aláwọ̀ ewé náà. Nítorí tiwọn, ó fa àyè mẹ́wàá sórí bébà kan, ó wá ń kọ ohun tí òjé kọ̀ọ̀kan jẹ́ síbẹ̀ bó ṣe ń gbé e kalẹ̀. Bí òjé àkọ́kọ́ ṣe kan ìka ẹ̀, ara ẹ̀ balẹ̀.

"Òdo ni mo kọ́kọ́ mú," ó ní. "Ohun tí mẹ́wàá bá máa pín tán, òdo ló gbọ́dọ̀ fi parí. Òdo, lọ sẹ́yìn pátápátá. Ohun tí márùn-ún bá máa pín, á fi òdo tàbí márùn-ún parí. Òdo ti ríbi jókòó, nítorí náà àyè karùn-ún di ti márùn-ún. Ẹni méjì ti sinmi."

Ó kó méjì, mẹ́rin, mẹ́fà àti mẹ́jọ sọ́tùn-ún. "Mo ń pe àwọn wọ̀nyí ní oníbejì, torí tí ẹ bá tò wọ́n ní méjì méjì, kò sẹ́ni tó máa dá wà." Ó kó ọ̀kan, mẹ́ta, méje àti mẹ́sàn-án sósì. "Àwọn wọ̀nyí, ànìkànjẹ ni wọ́n. Àyè kejì, ìkẹrin, ìkẹfà àti ìkẹjọ, oníbejì ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa ṣẹ́kù. Oníbejì mẹ́rin, àyè mẹ́rin. Àwọn ànìkànjẹ á wá wọ àyè kìíní, ìkẹta, ìkeje àti ìkẹsàn-án, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọ́n kọ̀."

Alága rẹ́rìn-ín, ó sì fa àga ẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Mẹ́rin kì í wo gbogbo nọ́ńbà. Ẹyọ méjì tó gbẹ̀yìn nìkan ló ń wò. Ànìkànjẹ ti wà ní àyè kẹta. Ẹ fi mẹ́rin tàbí mẹ́jọ tẹ̀ lé ànìkànjẹ èyí tó wù yín, sà, ẹ wò ó bóyá mẹ́rin á pín in."

Onígíláàsì kọ wọ́n sílẹ̀: 14, 34, 74, 94. Ó kọ 18, 38, 78, 98. Ó mi orí. "Kò pín ọ̀kankan tán."

"Méjì tàbí mẹ́fà nìkan ló lè wọ àyè kẹrin nìyẹn. Ohun tí mẹ́jọ bá sì pín, mẹ́rin náà á pín in, torí náà àyè kẹjọ di ti èkejì wọn. Mẹ́rin àti mẹ́jọ á wá pín àyè kejì àti ìkẹfà."

"Èwo níbo?"

"Ẹ ní sùúrù, sà, mẹ́ta ló máa sọ fún wa. Àpapọ̀ ni mẹ́ta ń rò. Mẹ́ta gbọ́dọ̀ pín ẹyọ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì gbọ́dọ̀ pín mẹ́fà àkọ́kọ́. Á jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ pín àpapọ̀ mẹ́ta àárín náà. Márùn-ún ló wà láàárín wọn. Tí méjì bá ṣáájú, mẹ́jọ ló lè tẹ̀ lé e: méjì, márùn-ún, mẹ́jọ, àpapọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí mẹ́fà bá ṣáájú, mẹ́rin ni: mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni. Àárín nọ́ńbà náà jẹ́ 258 tàbí 654. Kò sí ẹ̀kẹta."

Gíláàsì ti sọ̀ kalẹ̀ sójú ọkùnrin náà. Ó ń ṣírò.

Ìyá Òjé ò dúró. Ó tún fi mẹ́ta sẹ́ àwọn ẹyọ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó fi mẹ́jọ sẹ́ àyè keje, ó ń gbé òjé, ó ń ṣí òjé, gbogbo èyí tí kò bá sì yege, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìyá tó ń lé adìyẹ kúrò nídìí ọkà. Nínú ohun tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, mẹ́wàá péré ló ṣẹ́ kù. Ó kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Onígíláàsì na ìka sí èyí tó gbẹ̀yìn, ojú ẹ̀ sì tàn. "9876543210! Ẹ wo bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ létòlétò. Èyí náà yege! Ẹ wá ní kò sí ìkejì?"

Olùkọ́ gbójú sókè.

"Ó rẹwà lóòótọ́, sà," Ìyá Òjé dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Gbogbo wọn ló gbà á wọlé, àfi ẹnì kan. A ò tíì pe méje. Méje ò mọ ẹwà, méje ò gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ fi méje pín ẹyọ méje àkọ́kọ́ ẹ̀."

Onígíláàsì pín in. Ó ṣẹ́ku márùn-ún. Ó tún un pín. Márùn-ún náà ló ṣẹ́kù.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òkè. 1472589 ṣẹ́ku mẹ́fà. 7412589 ṣẹ́ku méjì. 1836547 ṣẹ́ku mẹ́fà. Alága fúnra ẹ̀ ti mú pẹ́ńsù, akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó yẹ kó máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀ ti fi ìyẹn sílẹ̀, òun náà ń pín. Wọ́n dé orí 3816547. Méje wọ inú ẹ̀ lọ, ó wọ̀ ọ́ ní ọ̀nà 545221, kò ṣẹ́ku ẹyọ kan. Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ kó tó rántí ibi tó wà. Wọ́n pín márùn-ún tó kù, gbogbo wọn ló ṣẹ́kù.

"3816547290," Ìyá Òjé ní. "Òun nìkan ni. Ẹ kó ẹyọ mẹ́wàá yìí fún ẹni tó gbọ́n jù láyé, òun náà ló máa bá."

Onígíláàsì jókòó padà, àmọ́ ó ṣì ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. "Ẹ ṣe é dáadáa, ìyá. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá àbúrò yín ló kọ́ yín ní gbogbo ẹ̀?"

Alága ṣí fáìlì, ó mú ìwé tí Olùkọ́ fi ránṣẹ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí ìdáhùn wà nínú ẹ̀, ó sì kà á sókè: "'Ìbéèrè kẹsàn-án: 3816547290. Ó ṣeé ṣe kí òmíràn wà. Ẹni tó bá rí òmíràn, ẹ fún un ní máàkì kíkún.'" Ó gbé ìwé ìdáhùn Ìyá Òjé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó fi ìka sí ìlà tó wà nísàlẹ̀. "Ọjọ́ ìdánwò gan-an ni obìnrin yìí kọ ọ́ pé kò sí ìkejì. Olùkọ́, ṣé ẹ̀yin mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Olùkọ́ dìde. "Mi ò mọ̀, mà. Ìsinsìnyí ni mo mọ̀ ọ́n." Ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. "Àṣírí mìíràn sì wà, mà. Èmi gan-an ò gbà wọ́n gbọ́. Mo rò pé wọ́n wo inú àpò mi. Ẹ̀gbọ́n tó bọ́ aṣọ iléèwé kí n lè wọ tèmi."

"Ẹ gbọ́," Alága sọ fún Onígíláàsì. "Ohun tí kò sí nílé, báwo ni olè ṣe jí i níbẹ̀?"

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó sì dìde dúró fún Ìyá Òjé. "Ẹ má bínú, mà," ó ní, ó sì dà bíi pé ó dé inú ẹ̀. Alága kọ máàkì mẹ́wàá síbi tó yẹ, ó buwọ́ lù ú, ó wá bi Ìyá Òjé bóyá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá Òjé ní ọ̀la pàápàá rọ òun lọ́rùn.

Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn olùkọ́ bíi mẹ́jọ ló ti dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé ara ògiri. Ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ Olùkọ́. "Báwo ni? Ṣé wọ́n lé yín ni?"

"Wọ́n gba olùkọ́ tuntun ni," Olùkọ́ dáhùn. Omi ti kún ojú ẹ̀, kò sì wá ọ̀nà láti fi pa mọ́. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ohun tí mi ò mọ̀, àwọn ló mọ̀ ọ́n."

Inú Ìyá Òjé dùn débi pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò fẹ́ kanlẹ̀ mọ́. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni inú ẹ̀ ti ń wá gbólóhùn yìí, òun fúnra ẹ̀ ò sì mọ̀ pé ohun tó ń wá nìyẹn.

"Sọ ọ́ sókè," ó ní. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Olùkọ́ sì tún un sọ, ó fi gbogbo ọ̀fun sọ ọ́, títí tí àwọn tó wà ní yàrá kejì fi ṣí ilẹ̀kùn wá wò ó.